Omi Tí Ìyá Mi Sè

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi ṣí táǹkì omi wa ní Kétu láti fọ̀ ọ́. Òórùn koríko tútù jáde níbẹ̀, ọkàn mi sì padà sí Ìkọsí, sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi.

Omi ẹ̀rọ kò yọ, ni ìyá mi bá pọn omi odò wálé. Nǹkan kan tó ní àwọ̀ ewé léfòó lójú rẹ̀ bí ọ̀dà. Wọ́n po álọ́ọ̀mù tó ń mú omi tòrò sí i, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n sì sè é títí èéfín fi ta wá lójú.

Wọ́n bu ún sí ife fún àwa ọmọ. Tèmi gbóná, mo gbé e kalẹ̀ kó tutù. Àbúrò mi obìnrin tọ́ tirẹ̀ wò, ó yínmú.

"Màámi, ó ń rùn bíi koríko. Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ewúrẹ́ kì í ṣàwáwí báyìí. Mu ún jàre, iná ti pa ìdọ̀tí inú rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ó mu ún tán; tèmi ṣì wà nílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, a ti sin ín.

Yunifásítì ni mo ti kà á pé iná kì í pa oró irú nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń léfòó lójú omi bẹ́ẹ̀.

Títí ìyá mi fi darúgbó ni wọ́n ń sọ pé, "Ó kéré tán, mo se omi ọmọ mi kí n tó fún un mu."

Èmi náà á dáhùn pé, "Ẹ sè é dáadáa, Màámi."