Ìkíni Kò Jẹ́ Ká Dé Sóbì

Ara Sakinah kò gba ìjókòó. Aránṣọ ni ní Òpópónà Táíwò, ẹ̀gbẹ́ ibi tí èmi Dorcas ti ń ta bàtà. Láti ìgbà tó ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti rí nǹkan tẹ̀ mọ́, ṣe ni ẹsẹ̀ náà ń jó lábẹ́ tábìlì. Á dìde, á tún jókòó, á wá máa yọ mí lẹ́nu nídìí ọjà mi. Nígbà tó yá, ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Kò pẹ́ tó fi ní ká dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká máa gùn ún fún ìgbádùn lásán láàárọ̀ Sátidé, ká dé Òkè Sóbì ká sì padà. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Síbẹ̀, mo lọ yá kẹ̀kẹ́ àbúrò mi.

Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀: òun, èmi, àti Nabeelah tó jẹ́ olùkọ́ ilé-kéwú. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà la máa ń gbéra láti agbo ilé Sakinah ní Gàmbàrí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo àgbà àdúgbò ti jáde síta nígbà yẹn, ta ló sì tó bẹ́ẹ̀ tí yóò jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà? A ó sọ̀ kalẹ̀, a ó kúnlẹ̀, wọn ó béèrè bàbá, wọn ó béèrè ọmọ, wọn ó ṣàdúà gígùn, a ó ṣe àmín. A ó gùn ún díẹ̀, ó tún kan ẹlòmíràn. Orúnkún mi bó. Oòrùn á ti le ká tó dé ọjà Ipata, a ó sì yíjú padà. Inú bí mi débi pé mo ní ẹgbẹ́ oníkúnlẹ̀ ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Nabeelah ní bí a kò bá dé Sóbì ní Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò máa sùn ní tòun. Sakinah kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bí àwa méjèèjì bá yọwọ́, ẹgbẹ́ tú nìyẹn.

Nígbà tí Sátidé pé, ó ní ká má sọ̀ kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, orí kẹ̀kẹ́ la ó ti kí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá níta ni Alhaja Hùmúàní, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Bí ìyá yìí bá ní kí kẹ̀kẹ́ kúrò nínú agbo ilé, ó kúrò nìyẹn. Sakinah tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ìdájí o, Ìyá," ó sì kọjá. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí Alhaja dìde dúró.

A dé Sóbì. Ibẹ̀ tutù, ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tó kó wa wá kò gbádùn rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, ó ní òun ti rí ẹni tó tọ́ òun dàgbà fín. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mu omi mi tán tó fi ní ká máa lọ.

Nígbà tí a padà dé, ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Alhaja, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Èmi àti Nabeelah kúnlẹ̀ tì í. Ìyá wo kẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀.

"Ṣé ẹ dé Sóbì?"

"A débẹ̀, Ìyá. Ẹ forí jì mí."

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀," Alhaja ní, "torí kí n lè rí bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún ni mo ṣe ń jáde wá jókòó. Bẹ́ ẹ bá ti rí mi báyìí, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó kúnlẹ̀. Òní ni mo tó rí i."