Yí Ara Rẹ Padà Kí O Tó Yí Àmì

Mo rántí ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀. Ayé Sàápù ni, nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí gbogbo nǹkan sì wọ́n, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, iléeṣẹ́ aṣọ ní Ìlúpéjú sì ti dá bàbá mi dúró. Bàbá mi sọ fún mi pé ìdánwò oníwèé mẹ́wàá tí mo fẹ́ ṣe, ẹ̀ẹ̀kan làwọn lè sanwó rẹ̀. Bí n kò bá pàsì ìṣirò, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di àlá. Bàbá mi á ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, bí ẹni tí ajá ń lé ni mo ṣe ń ṣèṣirò, mo sì ń kùnà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ọgbà la ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́. Tíṣà wa á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, òdo láàárín, nọ́ńbà tó ní àmì àyọkúrò lápá òsì. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé, nínú ìṣirò tí apá kan ti kéré ju èkejì lọ, bí a bá fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pín apá méjèèjì, àmì "kéré jù" gbọ́dọ̀ di "pọ̀ jù." Tíṣà ní, "Ṣé ẹ mọ ìlà tí wọ́n ń tò ra kẹrosíìnì? Tí wọ́n bá ní kí gbogbo yín kọjú sẹ́yìn, ẹni iwájú ti dèrò ẹ̀yìn nìyẹn." Tíṣà bá sọ ọ́ dòfin: ẹni tó bá fẹ́ pín bẹ́ẹ̀, kó dìde, kó kọjú sẹ́yìn, kó tó yí àmì. Ó mọ́ wa lára.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dé orí irú ìṣirò yìí, n kò mọ ìgbà tí mo dìde tí mo kọjú sẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa já ìwé mi gbà. "Ìwé ta lò ń jí wò?" Mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bàbá mi nìkan ni mo ń rò. Bó ṣe ń mú mi lọ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn mẹ́ta tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ dìde láyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kọjú sẹ́yìn, wọ́n tún jókòó, wọ́n ń kọ̀wé lọ. Ọkùnrin náà dúró. Ó ní kí n ṣe ìṣirò náà lójú òun. Mo yí àmì, mo fa ìlà, mo ṣe róboto kékeré tí n kò kùn, torí nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìdáhùn, mo sì fa ọfà gba ọ̀tún. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó dá ìwé mi padà. "Ọkàn ni kó o máa fi yí o, ọmọ yìí."

Mo pàsì, mo di nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé ìṣirò kan náà ló gbé gbogbo wa dìde. Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ní Onígbòǹgbò, mo ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn kò tíì dé ojú ìwé yẹn rárá nígbà tí àwọn dìde. Ọkùnrin yẹn lè gba ìwé tiwọn náà, wọ́n sì mọ̀, síbẹ̀ wọ́n dìde nítorí mi. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú títì.