Nọ́ọ̀sì Tó Kọ̀ Láti Tẹ “Mo Jẹ̀bi”

Okùn sálúbàtà mi já láàárọ̀ yìí, mi ò tíì wọ̀ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi ni mo ti rántí ìyá kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tá a jọ gbé àdúgbò kan ní Ìwéré-Ilé. Wọn ì bá ní, “Dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ kọ́ ló já.”

Láràárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan ẹ̀kọ, wọ́n máa ń ka Bíbélì sínú fóònù, wọn á gbé e sórí péèjì wọn lórí ìkànnì ayélujára kan. Ibẹ̀ làwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ti ń gbọ́ ohùn wọn.

Lọ́jọ́ kan, iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà yọ èyí tí wọ́n kà láàárọ̀ ọjọ́ náà kúrò, wọ́n sì kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà ojú fóònù kéré jù fún ojú màmá, ni wọ́n bá pe èmi tí ìwé mẹ́fà lé jáde pé kí n wá bá wọn ka òyìnbó ibẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ mọ, wọ́n ní bí màmá ṣe sọ pé Jésù nìkan ni ọ̀nà lòdì sófin. Kí màmá tẹ “Mo jẹ̀bi”, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ péèjì á lọ.

Òfin wo? Kò yé mi títí dòní.

Mo ní, “Màmá, níbo nilé wọn? Ẹ jẹ́ ká kó àgbà lẹ́yìn lọ bẹ̀ wọ́n.”

“Ilé wo? O rí ojú ẹnì kankan níbẹ̀?”

“Ó dáa, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run mọ ọkàn yín.”

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Ẹnu wo ni n ó wá fi kà á lọ́la?”

Péèjì lọ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá wọn kẹ́dùn, àfi bí mo ṣe bá wọn tí wọ́n ti ṣí Bíbélì.

“Màmá, ta lẹ fẹ́ kà á fún báyìí?”

“Ìwọ ò létí ni? Jókòó.”