Máàpù Tí Kò Sí Ilé Kankan Nínú Rẹ̀

Àfonífojì odò tó wà níhà àríwá Emùré ni wọ́n bí Akínwándé ọ̀rẹ́ mi sí. Ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe oko kòkó.

Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ya máàpù, àwọn bàbá wa rò pé owó orí ni wọ́n wá gbà. Wọ́n pàdé wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ní igbó ẹkùn ló wà níwájú, ẹnì kan ò gbébẹ̀. Àwọn òyìnbó gbà wọ́n gbọ́, wọ́n kọ "igbó" sínú máàpù, wọ́n padà. Irọ́ yẹn ń jẹ wá níyà.

Lọ́dún tó kọjá, akọ̀wé ìjọba kan tẹ́ máàpù náà síwájú Akínwándé.

"Bàbá, igbó ìjọba nibí. Ẹnì kan ò gbébẹ̀ rí. Ẹ kúrò, àwọn onígẹdú ń bọ̀."

Akínwándé fà á lọ síbi sàréè bàbá rẹ̀. "Tẹ́ ẹ síbí. Sọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ pé kò gbébí rí."

"Sàréè ò sí nínú máàpù, bàbá."

"Ṣé ulé baba tìẹ wà níbẹ̀ ni?"

Àwọn onígẹdú dé, wọ́n gé gbogbo kòkó náà. Akínwándé tún ń gbin òmíràn.

Mo bínú, mo ní, "Arúgbó bíi tìẹ! Ta ni yóò ká a?"

Ó ní, "Bí wọ́n bá tún wá ya máàpù, kí wọ́n bá nǹkan níbẹ̀."