Ìka Atipoka Lára Dígí

Nínú agboolé kan lẹ́yìn Bolgatanga, kò sí obìnrin tó mọ ìdí apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó Atipoka. Ìdí ló sì le jù: bó bá wọ́ síbì kan, bí ẹ hun òkè rẹ̀ dé ọ̀run, apẹ̀rẹ̀ náà kò ní jókòó. Lamisi, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń pa koríko apẹ̀rẹ̀ láró ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìdí, ọ̀dọ̀ Atipoka ló ń gbà.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìdí rẹ̀ lélẹ̀."

Atipoka a sì bá a ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn kí dígí tó dé.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń hun apẹ̀rẹ̀ ló ra dígí náà sí ìsọ̀ kékeré kan ní ibùdókọ̀. Ó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ìka ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àwòrán ojú àwọn obìnrin náà wà lára rẹ̀. Èrò ọkọ̀ tó bá tẹ ojú ẹnì kan, ẹni náà á máa sọ̀rọ̀, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á yọ pẹ̀lú iye rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á fi fóònù sanwó, Vida, ọmọbìnrin tó ń mójú tó ìsọ̀, á sì gbé e fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Vida ṣàlàyé pé dígí ń ka ìka: ojú tí wọ́n bá tẹ̀ jù títí ọyẹ́ fi máa lọ ni wọ́n máa fẹ̀ tí yóò gba gbogbo iwájú, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni àwọn oníbàárà yóò sì máa kọ́kọ́ dé. Gbogbo wọn gbọ́. Atipoka gbọ́ pé wọ́n máa fẹ ojú ẹnì kan. Kò gbọ́ bí wọ́n ṣe máa yàn án, torí ojú Lamisi ló ń wò, tí wọ́n tò sókè tirẹ̀.

"Orí mi ni wọ́n gbé e lé?" ló ń wí nínú ara rẹ̀. "Èmi tí mo ti wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òjòwú ò lẹ́ran láyà, ẹ ò tíì rí Atipoka. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, owú sì ráyè jókòó. Bí ọjà bá ti pé, kó tó tú ẹrù, yóò ti lọ dúró níwájú dígí, yóò fi ìka gún ojú Lamisi. Lamisi á rẹ́rìn-ín: "Lamisi lorúkọ mi. Èmi ni mo pa koríko yìí láró, èmi ni mo hun ún." Ó tán. Bóyá ó dárúkọ òun tí etí òun fò ó? Atipoka á tún gún un. "Èmi ni mo hun ún." Irọ́! Ìdí ńkọ́? Á tún gún un, kí irọ́ náà lè dá a lójú.

Issaka, tó ń fi awọ bo ọwọ́ apẹ̀rẹ̀ lódìkejì, ń wò ó.

"Ìyá, ẹ tún dé?"

"Ṣé ilé bàbá rẹ ni mo dé sí? Rán awọ rẹ, jàre."

Ọyẹ́ lọ. Vida kó àwọn obìnrin jọ síwájú ìsọ̀. Atipoka wọ aṣọ tuntun, torí lójú tirẹ̀, àgbà ni wọ́n máa wò. Dígí tàn. Ojú Lamisi bò ó látòkè délẹ̀.

"Ta ló yàn án?" Atipoka figbe ta.

"Ìka àwọn èèyàn ni, Màmá. Òun ni wọ́n tẹ̀ jù. Mo ṣáà sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Issaka bú sẹ́rìn-ín. "Èèyàn wo? Ìka kan ṣoṣo ni! Ìyálé rẹ̀ nìyí, kò sí ọjọ́ ọjà tí wọn kì í tẹ̀ ẹ́. Mo ní wọ́n fẹ́ lu dígí já ni!"

Kí Atipoka tó yí padà, Lamisi ti dì mọ́ ọn, omi lójú.

"Ìyálé mi! Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí."

Kí ni kó wí? Bó bá ní kì í ṣe ìfẹ́, á ní láti sọ ohun tó jẹ́. Ó gbé e mì.

"Ta ni mo tún ní?" ló wí.

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n bu pitó, ọtí ọkà, fún un. Ó mu ún. Ó korò. Lamisi ní dandan ni kí Vida gba ohùn òun lákọ̀tun, òun ní ẹni tí òun máa dárúkọ.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Vida sọ fún gbogbo wọn pé dígí ti bẹ̀rẹ̀ kíkà tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, Atipoka gbọ́ ọ yéké. Ó dúró níwájú ojú ńlá náà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kékeré báyìí, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀ àfi òun fúnra rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ díẹ̀, ó padà wá. Ó tẹ ojú Lamisi.

"Ìyálé mi, Atipoka, ló bẹ̀rẹ̀ ìdí rẹ̀," ni dígí wí.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún tẹ̀ ẹ́.