Adìẹ Tí A Fi Abẹ̀bẹ̀ Fẹ́

Ìtasánsán adìẹ àti àlùbọ́sà ló fà mí dé ilé ìdáná lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá. Ọmọ mi obìnrin ló dúró níwájú máíkíróweefù, tó káwọ́ lérí.

“Mummy, ẹ wo adìẹ tí mo fẹ́ yan! Mi ò bu omi kankan sí i o, ó sì ti di ọbẹ̀!”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó da omi náà sínú ife, kó tẹ́ pépà ìnuwọ́ sábẹ́ ẹran, kó má tò ó léra wọn, kó má sì dé e pa. Bí ẹ̀rọ náà ti tún ń kùn, ọkàn mi ti sá lọ sí agboolé wa ní Alápẹ̀rẹ̀.

Yàrá kọjú sí yàrá ni nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti ń dáná. Bí ata ẹnìkan bá jóná, gbogbo wa la jọ ń wúkọ́. Níbẹ̀ ni Aunty Sìdí, ìyàwó tuntun tí télọ̀ inú ilé wa fẹ́, ti se adìẹ àkọ́kọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ìyá yẹn ò fẹ́ràn ẹran tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀: omi ara adìẹ ni kó fi jinná, kó tó kan epo gbígbóná. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ ni wọ́n ń pa nílé bàbá Sìdí, àgbébọ̀ tí í jẹ igi ìdáná bí ẹní ń jẹ gúgúrú. Ó bu omi bí wọ́n ti ń bù ú nílé. Ká tó wí, ká tó fọ̀, adìẹ àgríìkì ọjà Mile 12 tí kì í le ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò.

“Mo kú o!” Aunty Sìdí figbe ta. “Wọ́n á ní ọmọ àwọn ò rí ìyàwó fẹ́!”

“Ta ló kú?” ni màámi wí. “Adìẹ nìkan ló kú níbí.”

Wọ́n kó ẹran náà sórí àtẹ, wọ́n sì pín abẹ̀bẹ̀ fún àwa ọmọdé. A lóṣòó yí i ká, à ń fẹ́ ẹ kíkankíkan kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. A ò mọ̀ pé ìyá ọkọ ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjọ́ta tipẹ́. Ohùn wọn la gbọ́ lẹ́yìn wa:

“Ẹ kúulé o. Kábíyèsí wo lẹ ń fẹ́ lábẹ̀bẹ̀ yìí?”

Aunty Sìdí kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Omi ni mo bù jù.”

Ìyá wò ó, wọ́n wo àtẹ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí wọn. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n jókòó tì wá, wọ́n gba abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ mi.

“Sún fún mi. Ìwọ ìyàwó mi tiẹ̀ gbọ́n. Oòrùn ni mo sá tèmi sí nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ajá ló jẹ ẹ́.”

Nígbà tí wọ́n dín in tán, inú àwo kan náà ni ìyá àti ìyàwó ti jẹun lọ́jọ́ yẹn, adìẹ náà sì ń dún kàkà lẹ́nu wọn.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn ti di ilé alájà báyìí. Kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí ń dáná. Bí ọbẹ̀ bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i, kò sì sẹ́ni tó máa sáré wá. Ṣùgbọ́n àyà ìyàwó tuntun ṣì ń já títí dòní. Kò sì sí ìyá ọkọ tí kò ṣe ìyàwó rí. Èyí tó bá rántí, ilé rẹ̀ á tòrò.