Alága Gbàdàmọ́sí àti Géètì Addo

Bí ẹ bá dé Addo ní Ajah lónìí, tí ẹ béèrè olóògbé Alága Gbàdàmọ́sí, tó jẹ́ alága àdúgbò, ìtàn ìwọ́de ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Àwọn onílé fẹ́ ṣí géètì tuntun tí wọ́n ṣe sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò. Láàárọ̀, Alága ló ṣíwájú àwọn tó ń pariwo pé àwọn ò fẹ́ géètì. Lẹ́yìn ìrun àsárì, ó wọ agbádá, ó sì gé rìbọ́ọ̀nù géètì náà.

"Chairman, ẹ̀yìn ta lẹ wà gan-an?" Ràhímátù ẹlẹ́ja ló bi í. Àdúgbò náà làwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, ọjà rẹ̀ kú nìyẹn.

"Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà."

"Ẹ tún wà lẹ́yìn àwọn onílé."

"Ṣé àwọn kì í ṣèèyàn ni?"

Ràhímátù gbé igbá ẹja rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yìí kan náà ló ti ń wàásù láti ìgbà èwe rẹ̀ pé ọ̀nà kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn olówó Lẹ́kkí Phase 1 ló ń ti ara wọn mọ́lé bí adìyẹ. Àmọ́ nígbà tí olè jí bátìrì ọkọ̀ Alhaji Àṣírù, ọ̀kan lára àwọn onílé, tí wọ́n tún padà wá jí èyí tó fi rọ́pò rẹ̀, Alága fúnra rẹ̀ ló lọ pe wẹ́dà tó ṣe géètì náà.

Àwọn onílé ra àgádágodo fún Alága kó máa fi ti géètì. Ó ní òun ò rántí ibi tóun fi kọ́kọ́rọ́ sí.

"Chairman, key yẹn ńkọ́?" Alhaji Àṣírù á béèrè ní gbogbo ìpàdé.

"À ń wá a, Alhaji. Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni géètì ṣe wà ní pípadé láìní àgádágodo. Olè rí i, ó ṣẹ́rí padà. Ẹni tó fẹ́ ra ẹja fọwọ́ sún un, ó wọlé. Ẹ má bi mí bóyá ọgbọ́n ni tàbí ìgbàgbé. Ó rú èmi náà lójú.

Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú Alága tán, alága tuntun, Olúwaṣíjibòmí, gbé àgádágodo mìíràn fún Alhaji Àṣírù. Ràhímátù wà níbẹ̀.

"Alhaji, ẹ dákun," ó ní, "ti ta ni Chairman ń ṣe?"

"Mi ò mọ̀ o. Gbogbo bí mo ṣe ń bá a jà yẹn, mo rò pé tiwa ni."

"Èmi náà rò pé tiwa ni."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Ràhímátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá, ẹkún gidi ló ń sun. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Alhaji dá àgádágodo náà padà.

"Máa mú un lọ," ó sọ fún Olúwaṣíjibòmí. "Bátìrì mi ṣì wà níbi tó wà. Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí máa tajà ẹ̀."